"Ìyàwó ńkọ́?": bí àwọn ọkùnrin ṣe ń gbé ọ̀fọ̀ ọmọ tí kò délé

Lọ́jọ́ tí ọmọ wa kú sínú ìyàwó mi, oyún oṣù méje ni, mo ka iye èèyàn tó pè mí lórí fóònù látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè, pásítọ̀ wa pè, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pè, àǹtí ìyàwó mi tó ń gbé nílùú Oǹdó pè lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tá a jọ ń gbé ládùúgbò ní Òkè-Àró nílùú Akúrẹ́ náà pè. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ìyàwó ńkọ́, ṣé ó ti jẹun, ṣé ó ń sunkún, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan o. Wọ́n ṣeun, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́, torí ìyàwó mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló rọbí ọmọ tó ti mọ̀ pé kò ní ké, kò sí ìrora tèmi tó tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́kànlá yẹn kò sẹ́nì kan tó ní "ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?", èmi gan-an ò sì mọ̀ pé ó yẹ kẹ́nì kan bi mí, àfìgbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo wà nínú gosílóò lọ́nà Ọba Adésidà, mi ò ronú nǹkan kan o, omijé kàn ń dà lójú mi wọ̀ọ̀ ni, mi ò ríran wa mọ́tò mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ họ́ọ̀nù fún mi.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tá a bá ti wà láwa méjì, ó sì yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Kápẹ́ńtà kan tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àjọ, tíṣà kan, ẹnì kan tó ń wa takisí láti Akúrẹ́ sí Oǹdó, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ni pé iṣẹ́ ni ọkùnrin fi ń ṣọ̀fọ̀. Tí wàhálà bá dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ á yá, á sáré síbí á sáré sọ́hùn-ún, á sanwó, á fọwọ́ síwèé, á pe àwọn àna ẹ̀, àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á ní ó ṣọkùnrin. Ìgbà tí iṣẹ́ bá tán ni ọ̀fọ̀ á tó wọlé tọ̀ ọ́, nígbà yẹn kálukú ti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń kí ìyàwó ti dínkù, òun wá ku òun nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ ná. Nílé, a máa ń ní oyún bàjẹ́, tàbí oyún wálẹ̀, tàbí ká kàn ní "kò bọ́ sí i", torí ọ̀rọ̀ náà ń bani lẹ́rù láti pè. Àwọn dókítà ní tiwọn, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ka ọmọ tó bá kú sínú láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ sókè sí òkú ọmọ, èyí tó bá ṣáájú ẹ̀ ni oyún tó bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n ń lò nílùú Ọba, Amẹ́ríkà sì ń lo ọ̀sẹ̀ 20. Nínú 100 oyún tí obìnrin ti mọ̀ pé òun ní, bíi 10 sí 20 ló ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti òkú ọmọ, ìròyìn tí WHO àti UNICEF gbé jáde ní 2020 sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 lọ́dún kan káàkiri ayé, bẹ́ ẹ bá pín in, ọ̀kan ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá 16, ó sì lé ní 40 nínú 100 wọn tó jẹ́ pé àsìkò ìrọbí gan-an ni wọ́n kú, ìyẹn àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn ì bá yè ká ní ìtọ́jú tètè dé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn léébà wọ́ọ̀dù, ọkùnrin kan sábà máa ń wà tó dúró sí kọ́rídọ̀.

Ní tèmi o, kò sáyè àtironú láàárín wákàtí bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n lọ san dìpọ́síìtì, mo san án. Wọ́n ní kí n lọ ra glọ́ọ̀fù àti dríìpù, mo rà á. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo na ọwọ́ ara mi, wọ́n ní tèmi ò lè wọ ara ìyàwó mi àmọ́ àwọn á fi rọ́pò èyí táwọn bá mú ní báǹkì ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi jẹ́ O negative, tèmi jẹ́ O positive, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Rhogam ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n dúró sórí ẹ̀ díẹ̀ torí ọ̀pọ̀ ọkọ ni ò mọ̀ ọ́n rí àfi lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Tí ìyá bá jẹ́ negative tí bàbá jẹ́ positive, ọmọ lè mú ti bàbá. Tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá wá kan ti ìyá, yálà nígbà ìbímọ tàbí nígbà tí oyún bàjẹ́, ara ìyá á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jà, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jìyà ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń dí i lọ́nà, láàárín wákàtí 72 ló sì yẹ kí wọ́n gún un. Kẹ́mísì mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó rí i, inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, wọ́n bá mi fi yìnyín sí i nínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé e lé itan mi nínú mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn á ní ara mi le koko.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan jáde wá bá mi, ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní "Dádì, ṣé ẹ máa gbé e lọ ni, àbí ká bá yín ṣe é níbí?" Mo ní a máa gbé e lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló wá páálí mílíìkì kan, kò sí nǹkan míì nítòsí, ó fi àǹkárá tẹ́ inú ẹ̀. A wakọ̀ lọ sílé bàbá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà mọ̀ pé òbí kì í rí ojú oórì ọmọ, nítorí náà bá a ṣe débẹ̀ ni àbúrò mi ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀", òun àti bàbá kan ládùúgbò ni wọ́n gbé ṣọ́bìrì lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń wọlẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ojú ibẹ̀ gan-an, mo mọ̀ pé kò jìnnà sí igi ọsàn, ìyẹn náà torí pé mo rí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀ àbúrò mi pẹ̀lú ewé ọsàn kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí o, ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni wọ́n ti máa ń ri olóbi àwọn ọmọ tó bá wà láàyè mọ́lẹ̀, ọwọ́ àwa ará ilé bàbá ló máa ń wà, a máa ń fi yangàn pé ibí ni wọ́n ri olóbi lágbájá mọ́. Ọjọ́ olóbi ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ó ní àdúrà, ó ní ẹ̀rín. Ti ọmọ tó kú sínú ò ní ọ̀rọ̀ kankan, kí wọ́n bo ilẹ̀ kí wọ́n máa lọ ni.

Mi ò fẹ́ bú àṣà. Àwọn bàbá wa sin ọmọ ju tiwa lọ fíìfíì, ibà ń pa wọ́n, òtútù ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pè ní àbíkú, a wá mọ̀ lónìí pé àìsàn síkú sẹ̀ẹ̀lì ni, tí wọ́n bá ní kí àwọn sun gbogbo ẹkún yẹn tán, ta ni ìbá tún lọ sóko. Wọ́n ń dáàbò bo tọkọtaya ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe tí wọ́n fi ń tù wá nínú gbọ́: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún, òótọ́ sì ni, torí ìyá lè bá ọ̀rọ̀ náà lọ, tó bá yè ó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ṣé ẹ rí i, ìyá ni agbè, ọmọ ni omi. Bàbá ò sí nínú òwe náà rárá. Òwe tí wọ́n fi í sí ni ti akọ igi tí kì í ṣoje. Kápẹ́ńtà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo pa òwe yẹn fún un, ó wò mí, ó ní bọ̀dá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ìrókò tó jẹ́ ìrókò, tẹ́ ẹ bá ṣá èèpo ẹ̀ lóko, oje ẹ̀ funfun bíi wàrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tilẹ̀ wa nìkan. Ní 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kenneth Doka wá orúkọ fún irú ẹ̀, ohun tó pè é túmọ̀ sí ọ̀fọ̀ tí àwùjọ ò gbà pé ẹni tó ń ṣe é lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é. Kò sí òkú tí gbogbo ayé rí, kò sí ìsìnkú, kò sí aṣọ dúdú, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń kí ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn olùwádìí ní Imperial College London bi àwọn obìnrin tí oyún wọn tètè bàjẹ́ léèrè, ìwé wọn jáde ní 2020: lẹ́yìn oṣù kan, 29 nínú 100 ló ní àmì PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tá a mọ̀ mọ́ àwọn sójà tó ti ogun dé, tí nǹkan tójú wọn rí ń padà wá bá wọn lójú oorun àti nígbà tójú wọn là sílẹ̀, nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́sàn-án ó ṣì ku 18. Wọ́n wá yẹ àwọn ọkọ àti olólùfẹ́ wọn wò pẹ̀lú, wọ́n rí i pé bí ẹnì kan nínú 12 ló ní àmì kan náà lẹ́yìn ẹ̀. Ti obìnrin ló pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹnì kan nínú méjìlá kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ wo iye ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ elérò méjìdínlógún.

Ibi tó ti ń dun èmi jù ni bí tọkọtaya ṣe ń ṣi ara wọn gbọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn bí ọdún kan ni ìyàwó mi tó sọ fún mi pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, òun rò pé kò dùn mí ni. Ó ní òun á máa sunkún, òun á gbọ́ mi níta tí mò ń tú jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ tí kò bàjẹ́. Èmi ní tèmi, mo rò pé tí mo bá sunkún lójú ẹ̀, ẹkún tiẹ̀ á tún le sí i, mo rò pé èmi ni ògiri tó ń fara tì, ògiri kì í sì í mì. Òun wá rí ògiri lóòótọ́, kò rí ọkọ. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mẹ́ta nínú àwọn ọkùnrin tí mo bá sọ̀rọ̀, tíṣà yẹn ní odindi oṣù mẹ́fà ni àwọn fi ń sọ̀rọ̀ owó iná àti owó oúnjẹ nìkan, ó ní ìyàwó òun kó gbogbo aṣọ ìkókó sínú àpò, ó gbé e sókè àjà, òun wá ń gùn ún lọ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ tí ìyàwó bá ti sùn, ìyàwó náà sì mọ̀, kò sọ.

Ara ọkùnrin náà máa ń sọ ọ́ ṣá, èdè míì ló fi ń sọ ọ́. Àwọn kan á máa bínú sí nǹkan tí kò tó nǹkan, sí ọmọ tó wà nílẹ̀, sí ẹni tó fi mọ́tò dí wọn lọ́nà. Àwọn kan ò ní fẹ́ délé, ẹni tó ń wa takisí yẹn ní òun wa ọkọ̀ Oǹdó lọ Oǹdó bọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́ lójoojúmọ́, owó wọlé lọ́dún yẹn ju ti ìgbàkígbà rí lọ, gbogbo èèyàn ń yìn ín. Òmíràn, ìdí ẹmu ni, ìgò kan á di mẹ́ta, kó ṣáà lè sùn. Àyà á máa já, orí á máa fọ́, oúnjẹ ò ní wọlé, ìbálòpọ̀ á sú u tàbí kó máa bà á lẹ́rù torí ó ti so ó mọ́ oyún, oyún ló sì so mọ́ ikú. Fóònù náà ò jẹ́ kéèyàn gbàgbé: áàpù tí mo fi ń ka ọ̀sẹ̀ oyún, mi ò rántí pa á rẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kan ó dún, ó ní ọmọ yín ti pé ọ̀sẹ̀ 36, ó ti tóbi tó ẹ̀fọ́ báyìí-báyìí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà.

Ẹ̀bi ńkọ́? Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ìyá mi, mo fẹ́ràn ẹ̀ o, kò sì ní in lọ́kàn láti ṣeni níbi, ó bèèrè bóyá garawa omi tí ìyàwó mi ń gbé ló fà á. Ẹlòmíì á ní ayé ni, ẹlòmíì á ní ó jẹ nǹkan tí kò yẹ kó jẹ. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ oyún tó bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni krómósóómù ọmọ náà, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá bàbá àti ìyá wọ ara ọmọ, ò ti pé tàbí ó ti lé, kò sẹ́ni tó ṣe é, kì í ṣe garawa omi, kì í ṣe àtẹ̀gùn, kì í ṣe pé tọkọtaya sùn pọ̀. Ti àwọn tó ti pẹ́, ibà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò àìsàn, ojú ilé ọmọ tí kò lágbára, tàbí kí olóbi má ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà míì wọ́n á yẹ gbogbo ẹ̀ wò wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ tún gbọ́ èyí: ìdajì krómósóómù yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ọkùnrin tó bá ti lé ní ogójì ọdún, oyún ìyàwó ẹ̀ fi díẹ̀ léwu ju ti ọ̀dọ́ lọ, sìgá náà ń ba àtọ̀ jẹ́. Mi ò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi o, mo sọ ọ́ torí pé tí oyún bá ń bàjẹ́ léraléra, kì í ṣe obìnrin nìkan ló yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò, àwọn méjèèjì ni.

Ìjọba lè ṣe jù báyìí lọ. Àwa nílẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí ètò ìlera aboyún lè ṣe, ètò Abíyè tí gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ní 2009 láti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, tí wọ́n wá kọ́ Mother and Child Hospital sí Òkè-Àró ní 2010, ọ̀pọ̀ ìyá ló wà láàyè lónìí nítorí ẹ̀. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n ṣe é fún, bó sì ṣe yẹ nìyẹn, àga tí bàbá máa jókòó lé ló kù tá a máa wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ní líìfù ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ bá bímọ, 2022 ni wọ́n kéde ẹ̀, ọmọ tuntun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ní Philippines, láti 1996 ni òfin tiwọn ti fún ọkọ ní ọjọ́ 7, wọ́n sì dárúkọ oyún tó bàjẹ́ mọ́ ọn. New Zealand fi ọjọ́ 3 sí i ní 2021 fún ìyá àti olólùfẹ́ ẹ̀. Ìlú Ọba ń fún àwọn òbí méjèèjì lọ́sẹ̀ méjì láti 2020, tí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 24. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, kò sẹ́ni tó máa fún mẹkáníkì ní líìfù, ẹni tí ò bá jáde lónìí ò ní jẹun lọ́la, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó yí i ká ni ìrànlọ́wọ́ máa ti wá.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni tèmi ti wá, mi ò sì retí ẹ̀ níbẹ̀. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àgbẹ̀ kòkó ni lápá Ìdànrè, ẹni ọgọ́rin ọdún dín díẹ̀. Mo lọ bá a lóko ní bí oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, à ń tú kòkó sórí àwẹ́ ọparun tó ń gbẹ, kò wojú mi, ó ní "O rò pé mo kàn rí orúkọ tí mo sọ ẹ́ yẹn he ni?" Orúkọ mi ni Rẹ̀mílẹ́kún. Gbogbo ayé ń pè mí ní Rẹ̀mí, mi ò bèèrè rí. Ó ní méjì ló ti lọ ṣáájú mi, ọ̀kan kú sínú, ọ̀kan lo ọjọ́ mẹ́rin, ó ní ìyá mi sunkún, gbogbo ìlú bá a sunkún, òun ò rẹ́ni bá sunkún, òun wá ń gbé ẹkún yẹn kiri nínú oko títí tí wọ́n fi bí mi, lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bi òun lórúkọ ọmọ, ohun tó jáde lẹ́nu òun nìyẹn. Mo wá ronú sí gbogbo orúkọ tá a ń pè lójoojúmọ́ tá ò fetí sí: Ẹkúndayọ̀, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Dúrójayé, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́. A mọ̀ pé bàbá ló sábà ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní wọn kì í sunkún ló sọ ẹkún wọn sínú orúkọ ọmọ wọn, tí gbogbo àdúgbò wá ń bá wọn pè é láràárọ̀.

Nǹkan tó máa ń ran ọkùnrin lọ́wọ́ ò ṣòro. Tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ bèèrè ìyàwó, kẹ́ ẹ wá dúró, kẹ́ ẹ ní "ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ń sùn?", kẹ́ ẹ jẹ́ kó dákẹ́ tó bá fẹ́ dákẹ́, ẹ má sáré fi "Ọlọ́run á ṣe òmíràn" dí i lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí tó lọ jẹ́ ọmọ ná. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò lè sọ̀rọ̀ lójúkojú, àmọ́ tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu á là, bá a ń fọ mọ́tò, bá a ń wo bọ́ọ̀lù Sunshine Stars, bá a ń tú kòkó bíi tèmi àti bàbá mi. Tọkọtaya ní tiwọn, ẹ jọ padà lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ náà ní kó wọlé kó jókòó, kó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu dókítà, torí ohun téèyàn ò bá mọ̀ ló máa ń fi òru rò. Àwọn Mùsùlùmí ní nǹkan kan tí mo fẹ́ràn: tí oyún bá ti lé ní oṣù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ àfáà á ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi aṣọ funfun wé e, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó sin ín. Tó bá wá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọkùnrin ò sùn dáadáa, tí gbogbo nǹkan sú u, tí ọtí ń pọ̀ sí i, dókítà ló kàn, ọsibítù èyíkéyìí, wọ́n á darí ẹ̀ síbi tó yẹ, kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú. Tó bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kápẹ́ńtà yẹn wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní òun kàn fẹ́ kí mi ni. Oyún ìyàwó tiẹ̀ ti tó ọdún mẹ́rin tó bàjẹ́, wọ́n ti bí ọmọ méjì lẹ́yìn ẹ̀. A jókòó síwájú ilé, ó ń fi ìka fa ìlà sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní òun ti ní orúkọ lọ́kàn nígbà yẹn, òun ti mú un látìgbà tí síkáànù àkọ́kọ́ ti jáde, òun ò sọ fún ìyàwó òun torí òun fẹ́ kó bá a lójijì lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ní òun ò tíì pè é síta rí. Mo ní kó pè é. Ó wo títì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rọra pè é, mo pè é tẹ̀ lé e, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn ẹ̀ le díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, tiẹ̀ ni.